Orúkọ Kìn-ín-ní Nínú Ìwé Aláriwo

Èmi ni mo kọ ọ́.
Èmi mónítọ̀ kíláàsì kẹrin,
pẹ́ńsùlù kúkúrú lẹ́yìn etí,
mo kọ Kúbúrátù sókè pátápátá,
mo fàlà mẹ́ta sí i níwájú:
ó pariwo, ó tún pariwo, kò gbọ́ ìkìlọ̀.

Kò gbọ́ ìkìlọ̀.
Òótọ́ ni mo kọ, n ò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ariwo náà kò ju báyìí lọ:
ọmọ kan ń kùn bí oyin inú akèrègbè,
ó ń fi èékánná lu pákó tábìlì
kí ìró rẹ̀ lè gba apá gòkè wá bá a.
Etí kíláàsì ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ fèrèsé,
níbi tí ẹnu tíṣà ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Tíṣà Àjàdí ka ìwé mi. Pàṣán mẹ́fà.
"Na ọwọ́!"
Ó ń wo ètè rẹ̀, kò nawọ́.
Ó di mẹ́jọ, nítorí àfojúdi.
Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọjọ́ márùn-ún.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀gá àgbà kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní Dàda:
kó mú ọmọ náà lọ síbi tí irú wọn wà.

Ìyá Kúbúrátù dé, amọ̀ Òkèlele ṣì gbẹ mọ́ ìgúnpá rẹ̀.
Kò sunkún. Kò kúnlẹ̀.
Ó gbé ìkòkò tuntun ka orí tábìlì ọ̀gá,
ó fi ìka gbá a létí: gbóún.
Létí tiwa, ìkòkò yẹn pé.
Kúbúrátù fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó mirí.
"Ẹ bu omi sí i," ìyá rẹ̀ wí.
A bù ú.
Omi rọra ń jò sórí ìwé ìjìyà.

"Òun ló ń yan èyí tí mò ń kó lọ sọ́jà.
Ọmọ mi ń gbọ́. Ẹ ò tíì wá ibi tó fi ń gbọ́ ni.
Irú rẹ̀ wo? Àwọn tí wọ́n jọ ń ká gúrọ́fà lọ́nà ilé nirú rẹ̀.
Bí a óò bá mú un lọ ibòmíràn, èmi àti òun la ó jọ sọ ọ́,
kì í ṣe pàṣán.
Ẹ gbé e wá síwájú. Ẹ wá ẹni tó mọ èdè ọwọ́.
Gbogbo èyí tí ẹ nà nítorí etí, ẹ pa á rẹ́."

Ọ̀gá ń wo omi. Èmi ń wo bàtà mi.

Wọ́n gbé e síwájú lọ́jọ́ Ajé.
Olùkọ́ èdè ọwọ́ kò dé títí a fi ṣèdánwò àṣejáde;
àwa ọmọdé la fọwọ́ ara wa mọ èdè kan,
ó ń wó, a ń tún un mọ.
Kúbúrátù sọ olúkúlùkù lórúkọ.
Tèmi: ìka kan lẹ́yìn etí,
níbi tí pẹ́ńsùlù máa ń wà.

N ò bi í rí bóyá ó ti dárí jì mí.
Bó bá rí mi lónìí lẹ́bàá iná ìkòkò,
yóò gbé ìka sẹ́yìn etí.
Mo sì ń jẹ́ ẹ.