Ọwọ́ Òsì

Ọyẹ́ ti fi eruku kun díńgí balùwẹ̀ wa ní Kúbwà,
n kò sì nù ún. Ọdún mẹ́ta rèé
tí mo ti ń wẹ̀ wéréwéré bí ẹni jí omi.
Kàn-ìn-kàn-ìn mi kì í pẹ́ lókè ìdodo.

Ìyá mi di tirẹ̀ mọ́ inú ìró ní Kàdúná.
Ó ní oówo ni, yóò tú.
Apá kan ló fi ń to abọ́ tánńganran sórí tábìlì
títí dọjọ́ tí apá kejì náà kọ̀.
Mojírọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, tẹ̀lé e lọ ní ọmọ ọdún méjìlélógójì.
Èmi náà yóò pé méjìlélógójì lóṣù Èrèlé.

Lóru, mo máa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò
títí epo rẹ̀ yóò fi tán.
Ọkọ mi á ní, "Ṣé kò sí?"
Mo á ní, "Kò sí."
A kì í sọ ohun tí kò sí.

Lánàá, mo wọkọ̀ lọ sí Gwagwaládà.
Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ń bó ẹ̀pà,
ó ń bó o ṣáá, kò ju ẹyọ kan sẹ́nu.
Nọ́ọ̀sì Tálátù pe jẹjẹrẹ lórúkọ
bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ nínú rẹ́jísítà.
Ó gbé ọmú rọ́bà lé mi lọ́wọ́: "Wá a."
Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀.
Ó wà níbẹ̀, bí hóró àgbàdo lábẹ́ ẹní.
Ó fi Yorùbá tó kọ́ ní Ìlọrin rẹ́rìn-ín sí mi:
"Madállà. Ọwọ́ ẹ ò gọ̀."
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ya àwòrán tèmi.
N kò mọ ohun tí wọn yóò rí.

Láàárọ̀ yìí, mo nu díńgí.
Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmú ọ̀tún,
ọwọ́ òsì ló mọ̀nà ibẹ̀.
Mo gbé apá sókè, mo fi ìka mẹ́ta rìn
láti abíyá, díẹ̀díẹ̀, bọ̀ wá sí orí ọmú:
ilé ìyá mi ni mo ń júwe,
yàrá kan tẹ̀lé yàrá kan,
mo ń kan ilẹ̀kùn, mo ń dúró.

Fèyíṣará gbá ilẹ̀kùn balùwẹ̀:
"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe látàárọ̀?"
Omi ti tutù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Mo ní, "Dúró ná,
mo ń wo ilé."