Alágẹmọ Orí Ọmọrí

Ní Ìsàn, lẹ́yìn ilé Yèyé Ọ̀ṣunlékè,
kì í ṣe ìkòkò ló ń yí:
ìkòkò jókòó, Yèyé ló ń yí i ká,
ẹ̀yìn ló ń fi rìn,
bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba.

Ṣùkù àgbàdo ló yí mọ́ àmù lára, ó di awọ ejò.
Èékánná àtàǹpàkò, ìpẹ́ ẹja.
Ìkarahun ìgbín tí a jẹ lálẹ́ àná
ló tẹ̀ mọ́ oru lọ́rùn yípo.

Mo ní, "Yèyé, èwo lèyí tó ru ẹrù sórí?"
"Àgbìgbò ni. Igbó tó ń gbé
ti di pákó lájà ilé yín."
Mo gbójú sókè lóru ọjọ́ náà, n kò tètè sùn.

Èmi náà mọ tèmi:
alágẹmọ, lórí ọmọrí ìṣaasùn.
Ẹsẹ̀ kan gùn jù. Ìrù ń já.
Yèyé tutọ́ sọ́wọ́, ó fi lẹ̀ ẹ́ padà.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kúkú kánjú lọ síbì kan."

Ọjọ́ tí a sun wọ́n, imọ̀ ọ̀pẹ ń ta pàràpàrà,
àmù ejò là sí méjì.
Yèyé pòṣé, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Alágẹmọ tó wọná ní àwọ̀ eérú
jáde ní pupa bí epo;
a wọ́n omi èèpo irúgbá sí i, ó ṣe ṣàà,
ó dúdú.

Ibẹ̀ ló dúró sí.
Ọdún mọ́kànlélógún rèé.
Ọbẹ̀ ń hó, ọmọ mi ṣí ọmọrí,
ó ní àwọ̀ wo ló kù.