Má Fọ̀ Ọ́

Ní Kaunas, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù,
nígbà tí odò Nemunas bá ti gan pa bí àwo,
àwọn kan máa ń gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ wọlé,
wọ́n á gbọn yìnyín kúrò lára bàtà,
wọ́n á fi fìlà kọ́ ìṣó,
wọ́n á wá tú ìṣúra wọn sórí tábìlì:
páálí sìgá, agolo tíì, ìwé ọlọ́ràá tó ní àpò wẹ́wẹ́,
owó tí kò lè ra búrẹ́dì mọ́ níbikíbi láyé.

Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀.
Zenonas fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ ojú irin;
ìyàwó rẹ̀ ní bó bá kú, òun á fi gbogbo rẹ̀ ra adìẹ.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní adìẹ á kọ̀ ọ́.
Daiva, oníṣègùn eyín, kì í mú ju ẹyọ kan wá:
owó bàbà tí wọ́n tẹ̀ ní àṣìṣe,
tí orí ẹṣin inú rẹ̀ bọ́ sétí.
“Owó tó pé,” ó ní, “ta ló máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì?”
Wọ́n a sì máa jà o! Nítorí àmì kékeré lábẹ́ pátákò ẹṣin
àwọn méjì ò kí ara wọn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn di Kérésì.
Síbẹ̀, nígbà tí Pranas wà nílé ìwòsàn,
ẹni tí kì í kí i yìí ló gbé awò lọ fún un
pẹ̀lú owó mẹ́ta, kó lè rí nǹkan bá a jà sí.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kò sí lára ògiri:
má fọ̀ ọ́.
Dúdú ara fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí,
àwọ̀ ọjọ́ orí ni.
Ẹni tó fọ owó ti bó o láwọ.

Lóṣù kejì ọdún, Ugnė wọlé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
ó di nǹkan sínú áńkáṣíìfù.
“Ti ìyá ìyá màmá mi ni. Ó rán an mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀
nígbà tí wọ́n kó wọn bíi màlúù lọ sí Sàìbéríà.
Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ebi pa á, kò ná an.
Ta ni ì bá gbà á? Ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ ti kú.”
Ó tú u.
Owó náà ń kọ mọ̀nà,
ẹlẹ́ṣin inú rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tuntun.
“Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́ lánàá, kó lè yẹ yín lójú.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Daiva wo ilẹ̀. Kọfí ń tutù.
Òógùn, èéfín, eruku ìṣẹ́tí,
gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ sí gọ́tà.
Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀.
“Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?”

Zenonas kò purọ́ fún un. Ó ní, “Iye rẹ̀ ti lọ.”
Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà,
ó yọ ọ̀kan tí a kò rí rí,
ó tẹ́jú, ó funfun, bí ẹja tí wọ́n ti ha ìpẹ́ rẹ̀.
“Eérú ni mo fi bó tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Bàbá mi lù mí, ó sì sunkún.
N kò tíì mọ èyí tó dùn mí jù.”
Daiva ṣí pọ́ọ̀sì: ọtí kíkan.
Pranas: yanrìn àti kànrìnkàn.
Èmi náà, tí mo ń ròyìn wọn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́,
mo na tèmi síwájú.
Owó mọ́kànlá lórí tábìlì,
wọ́n ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún.

Zenonas wá gbé awò lé ti ọmọ náà lórí.
“Wo abẹ́ ikùn ẹṣin yẹn.”
Dúdú kan ṣẹ́kù níbẹ̀, tín-ín-rín, bí ìlà tìróò.
“Ọwọ́ ìyá rẹ àgbà nìyẹn. Ọṣẹ kò dé ibẹ̀.”

Ó wò ó pẹ́.
Ó di í padà, ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta tíì.
A ní ẹni tó bá ti fọ owó rí
kì í sanwó tíì níbí.