Ihò Ara Òkúta

Ihò kan wà lára òkúta ẹ̀yìnkùlé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Adìẹ ló ń mu omi òjò nínú rẹ̀ báyìí.
Èmi ni mo gbẹ́ ẹ,
èmi àti ìyá mi Àwẹ̀ró, èkùrọ́ la fi gbẹ́ ẹ,
lọ́dún tí ogun Hítílà gbóná
tí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì bá wọn lọ sí Bọ́mà.

Akọ̀wé kan dúró lójúde ọba, ó ní ẹ pa èkùrọ́,
ọwọ́ lásán kò ṣeé jagun.
Wọ́n ní ó ń di ọṣẹ, ó ń di bọ́tà,
ẹnìkan sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ń di ẹ̀tù ìbọn.
Ìyẹn ni èmi gbọ́.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: ohun tó bá lè dún gbàù ni yóò gbà gbọ́.

Kò! Kò! kí ilẹ̀ tó mọ́,
ọ̀kan fún Ràímì, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ Ràímì.
Òkúta jẹ èékánná àtàǹpàkò mi;
ó hù padà, ó wọ́, ẹ wò ó.
Iyọ̀ ọdún náà, à ń kà á ni, a kì í bù ú.
Èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà:
a jẹ ẹ̀wà lásán, a fi alábàákú rẹ̀ ránṣẹ́ sógun.

Lọ́jọ́ kan tí àpò mi kò kún,
mo ki èyí tó ti bu sáàárín èyí tó dára.
Bàbá Sálíù oníwọ̀n gbé e kọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Rélùwéè fọn fèrè, ó kọjú sí Ìbàdàn,
oorun mi sì bá a lọ.
Ìbọn ta ni yóò kọ̀ tí kò ní í dún?
Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi pa ẹ̀gbọ́n mi lójú àlá.

Ó dé. Ó rù.
Mo jẹ́wọ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yìí.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "N kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù.
Àmọ́ lálẹ́ kan nínú ẹrẹ̀, tí mo ti ní kí n sùn kí n má jí mọ́,
wọ́n pín ọṣẹ fún wa.
Mo gbé e símú. Òórùn àdí,
òórùn ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró.
Mo fọ ẹsẹ̀ mi. Mo dìde."

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onírin; ó ti sọnù.
Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń gbálẹ̀ ibẹ̀,
ẹ má da omi inú ihò náà nù.
Adìẹ kò tíì mu tán.