Ilé Àyágbé Nínú Ìkùukùu

Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà.
Kì í ṣe àgbà tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún;
àgbà oníkọ́ ni.
Bí mo bá ní kó yẹ ẹgbẹ̀rún ìlà kóòdù wò,
fáànù inú rẹ̀ á máa han gooro
bí ìkòkò ẹ̀wà tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ lórí iná.
Doreen, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀,
á fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà: kó, kó, kó.
Láàárọ̀ á bi mí lẹ́nu ọ̀nà,
"Ọmọ dáadáa, kí lo máa ń lọ̀ lóru?"

Òyéníran pè mí láti Leicester.
Ó ní, "Ìbídùn, jẹ́ kí òkúta yẹn sinmi.
Lọ yá ilé nínú ìkùukùu.
Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni yóò máa làágùn,
tìrẹ á kàn jẹ́ fèrèsé tí o ń yọjú níbẹ̀."

Ìkùukùu? Mo wo ìta.
Èyí tó ti odò Humber gòkè wá ti jókòó sórí Spring Bank,
ó gbé òrùlé mì, ó gbé iná ojú pópó mì.
Ó dára, n ó lọ wálé.
Ṣebí bí mo ṣe wálé nìyí lọ́dún tí mo dé Hull,
àpò kan lọ́wọ́, bàtà tí òjò ti rin lẹ́sẹ̀.

Ilé kìíní, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́.
Mo tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo irinṣẹ́ ti tò kalẹ̀ dè mí,
ọ̀bẹ nípò ọ̀bẹ, ọlọ nípò ọlọ.
Ọgọ́ta wákàtí lóṣù, ọ̀fẹ́.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún ó tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú
láàárín ìlà kan sí èkejì.
Mo rántí Ọ̀gbẹ́ni Hargreave, onílé mi àkọ́kọ́,
tó máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀
ka iye ìṣẹ́jú tí omi gbígbóná fi ń dà.

Ilé kejì, oorun ló ń pa á.
N ó kàn dìde lọ po tíì,
kí ṣúgà tó yọ́, ó ti ń hanrun.
Mo jí i. Ó ní, "Ta nìyẹn?"
Ẹrù tí mo kó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ lánàá,
ó ti gbá a dànù; ó rò pé ìdọ̀tí ni.

Ilé kẹta,
há! ilé alágbára.
Ìdánwò tí ń gba ìṣẹ́jú méje lọ́wọ́ àgbà oníkọ́,
kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti jábọ̀.
Àmọ́ dọ́là ló ń gbà, páùn ni wọ́n ń san fún mi,
náírà sì ni orí mi ṣì fi ń ronú:
ìṣirò mẹ́ta lórí gbèsè kan.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan mo sùn lọ, n kò pa á.
Ó dá jókòó, kò ṣe nǹkan kan, ó ń kọ owó sílẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, páùn mẹ́tàlélógún:
owó bọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ kan
lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń di páálí.

Òyéníran rẹ́rìn-ín títí.
Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé kẹrin, tirẹ̀ gan-an:
ẹ̀rọ kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀,
láàárín bàtà òjò àti kẹ̀kẹ́ ọmọ.
Kò yára. Bí Fadérera bá yọ wáyà rẹ̀
láti fi ṣáájì fóònù, ìkùukùu mi wó nìyẹn.
Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gbé kalẹ̀ níbẹ̀ lánàá,
ibẹ̀ ni mo ń bá a lónìí.

Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́,
wọ́n ní ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn.
Ta ló ni ààrò?
Ìyẹn ni wọn kò wí.

Lónìí ìwé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé:
láti oṣù kẹrin, owó yàrá yóò gòkè.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ife tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
N kò ṣí ilé kankan.
Mo tan àgbà oníkọ́.
Ó wúkọ́, ó han,
ìsàlẹ̀ dáhùn: kó, kó, kó.
Ó kéré tán, ẹnìkan mọ̀ pé mo wà nílé.