Ohun Tí Kò Jọra

Iyọ̀ méjì ló ń jẹ ọkọ̀ ní erékùṣù wa:
iyọ̀ òkun tí ìjì ń gbé fò kọjá òrùlé,
àti iyọ̀ ìjọba, tí wọ́n ń dà sójú títì
kí yìnyín má baà gbé wa ṣubú.
Ọkọ̀ tó bá lo ọdún mẹ́wàá ní Tuwílíńgéètì, asẹ́ ni.

Ti bàbá àgbà mi ti lo mọ́kàndínlógún.
Oṣù kejì ọdún ni híta rẹ̀ kọṣẹ́.
Èémí wa ń dì mọ́ gíláàsì iwájú,
mo ń fi káàdì ilé ìwé mi ha á
kí bàbá àgbà lè rí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Páìpù híta, àlùmíníọ̀mù ni.
Ohun tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì, bàbà ni,
páìpù omi tó ṣẹ́kù nígbà tí a tún ilé ìdáná ṣe.
Ọ̀kan pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́,
èkejì funfun bí ikùn ẹja.
"Kò sí irin tí apá iná ò ká," ni bàbá àgbà wí,
ó tan iná gáàsì, iná náà aláwọ̀ aró.

Àlùmíníọ̀mù kì í pọ́n. Kì í kìlọ̀.
Ó dúró, ó dúró,
àfi wàì tó yọ́ bí ọ̀rá.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó lẹ̀.
A bu omi sí i, a tan ẹ́ńjìnnì, ó móoru,
bàbá àgbà sì gbá bóńẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni ń yin ẹṣin.

Oṣù kan ò pé.
Ojú ìsopọ̀ ti hu nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun,
mo fọwọ́ kàn án, ó rún bíi bisikíìtì.
Ó jó o pọ̀, kò jọ.
Kò jọ, ó sì ń jò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi Gálàńdì ti Àlíbẹ́tà dé.
Ọdún kẹrin rèé tí òun àti bàbá rẹ̀ ò ti sọ̀rọ̀,
láti ọjọ́ tó ta ọkọ̀ ojú omi ìdílé
láì bi ẹnikẹ́ni.
Ó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.
"Dáfínì, sọ fún bàbá àgbà rẹ
pé irin méjì tí kò jọra, tí omi wà láàárín wọn,
bátìrì ni wọ́n. Ọ̀kan á máa jẹ èkejì."
Bàbá àgbà ò jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó gbọ́.
"Dáfínì, bi í, ta ló kọ́ ọ?"
"Sọ fún un pé òun ni.
Ó máa ń so síńkì mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi
kí òkun lè rí nǹkan mìíràn jẹ."

Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.
Bàbá àgbà wo ilẹ̀, ó wo àpótí irinṣẹ́,
ó mú ayùn,
ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ojú ìsopọ̀ náà sọnù.

Rọ́bà kan, kò gùn ju ìka mi lọ.
Kílíìpù méjì.
Bàbà wọ ẹnu kan, àlùmíníọ̀mù wọ ẹnu kejì,
wọn ò fara kanra nínú òkùnkùn ibẹ̀.
Bàbá mi da omi ẹ̀rọ nù,
ó rọ omi ewé tó ní oògùn dípò rẹ̀.
Èmi ni mo fún kílíìpù le,
ọwọ́ mi nìkan ló kéré tó ihò náà.

Lálẹ́, a gbé e lọ sétí òkun láti dán an wò.
Ìjókòó gbọọrọ kan ṣoṣo ló ní:
bàbá àgbà nídìí ìtọ́kọ̀,
bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
èmi láàárín.
Híta ń fẹ́ ooru sí wa lẹ́sẹ̀,
òórùn rọ́bà tuntun gba inú ọkọ̀.
"Dáfínì, bi bàbá rẹ bóyá òtútù ń mú un."
Mo yanu.
"Rárá," ni bàbá mi wí,
kí n tó bi í.