Kí Lẹ Ń Tà?

Àpò tí mo gbé kúrò l'Ákùúrẹ́ ga jù mí lọ.
Àgọ́ wà nínú rẹ̀, ìkòkò kékeré, tọ́ọ̀ṣì méjì,
bàtà òjò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun,
àti gàárì tí ìyá mi fi dí gbogbo àlàfo.
Mo ní mo fẹ́ lọ mọ ilẹ̀ baba mi.
Ìyá ní, "Ilẹ̀ baba rẹ ò sá lọ. Mú agbòjò dání."

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà wò mí láti òkè délẹ̀,
ó ní owó èèyàn méjì ni màá san:
èmi kan, àpò kan.
Àpò gba ojú fèrèsé.
Èmi jókòó lórí táyà sípíà.
Obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ bi mí pé, "Bọ̀dá, kí lẹ ń tà?"
Mo ní n ò ta nǹkan kan, mo kàn ń rìn kiri ni.
Ó fi ìborùn bo ọmọ rẹ̀ lójú.

Wọ́n ní àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní ẹgbẹ̀ta.
Mo kà á dé ogóje, iye rẹ̀ bọ́ lórí mi,
mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ogójì, kó lè rọ̀ mí lọ́rùn.
Àpáta dùbúlẹ̀ bí erin tó yó,
kò tilẹ̀ yíjú wo ẹni tó ń mí hẹlẹ.
Ìyá arúgbó kan, agbọ̀n òfìfo lórí,
kọjá lára mi níbi ìsinmi kìíní:
"Ẹ kú ìsinmi o!"
Kí n tó dé ìkẹta, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kún agbọ̀n.
"Ẹ ṣì wà níbí? Kí lẹ tilẹ̀ ń tà?"
Mo ní ìdáhùn. Èémí ni mi ò ní.

Ní Ìṣàrun, mo ní ihò àpáta ni mo wá wò.
Wọ́n ní Fámúwàgún ló mọ ọ̀nà ibẹ̀,
Fámúwàgún sì ti lọ síbi òkú àna rẹ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀.
Mo pàgọ́ sórí pápá ilé-ìwé.
Ewúrẹ́ kan wọlé lóru, kò kàn lẹ̀kùn,
ó sùn síbi tó móoru jù.
Orin orílẹ̀-èdè ló jí mi.
Àwọn ọmọ ti tò yí àgọ́ ká, olùkọ́ ti dúró ṣánṣán;
kí ni èèyàn ì bá ṣe?
Èmi náà dúró ṣánṣán, tèmi ti ṣòkòtò pénpé,
ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ìyáàfin Orímóògùnjẹ́ ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò.
Mo sọ ọ́, mo bù sí i díẹ̀.
Ọmọ kan nawọ́ sókè:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ ń tà?"
Ọ̀la dé. Wọ́n ní ọ̀la.

Lójú ọ̀nà Ilé-Olújì, ọ̀kadà gbé wa mẹ́ta:
ọlọ́kadà, èmi, àpò. Mi ò mọ èwo nínú wa ló wúwo jù.
Òjò ṣú lójijì.
Kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò lẹ́ni tó máa kó o,
bàbá àgbàlagbà kan ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.
Mo tú àgọ́ jáde, a jọ tẹ́ ẹ bò ó,
a jókòó sábẹ́ ìtẹ́rígbà, a rẹ gàárì ìyá mi mu.
Nígbà tí òjò dá, mo nawọ́ sí àgọ́.
Bàbá ní, "Èló ni?"
Mo ní kì í ṣe títà.
Ó ní, "Mo gbọ́. Èló ni?"

Ọmọ rẹ̀ ra bàtà. Ìyàwó rẹ̀ yan ìkòkò.
Ẹni tó yà kí wọn mú tọ́ọ̀ṣì kan, ó mú èkejì torí ìyá rẹ̀.

Ní gáréèjì Oǹdó, àpò mi ṣe pẹlẹbẹ bí ikùn ààwẹ̀.
Ọmọdékùnrin kan sáré wá bá mi:
"Bọ̀dá, kí lẹ ń tà?"
Mo ní, "Ó ti tán. Padà wá lọ́la."
Ihò àpáta yẹn, mi ò tíì rí i.